Fíìmù Ìgárá Tó Bá Mi Rí Àna ní Yoko

Màámi, ẹ kú ilé o. Láti Pobè lẹ́yìn ibodè níhìn-ín ni mo ti dọ̀bálẹ̀ kí yín. Ẹ bá mi kí Bọ̀ọ̀dá Múfú àti Àǹtí Rónkẹ́, kí ẹ sì kí gbogbo ará àdúgbò wa ní Ìlaró. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn, kí gbogbo ìyá tí ọmọ wọn wà lẹ́yìn ibodè lè bá yín yọ̀.

Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Alùpùpù àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Onigbolo la ń tún ṣe jù, eruku sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì wọn gbádùn. Nígbà ọyẹ́, irun mi a funfun bíi ti arúgbó. Òjò ti dé báyìí, ara ti tù wá.

Ọjọ́ Àìkú ló máa ń le fún mi tẹ́lẹ̀. Èmi àti àwọn ará ibí gbọ́ Yorùbá Ànàgó ara wa, àmọ́ tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù bá ti wà ní títì, n kò ní ẹni tí mo lè lọ kí. Onílé mi, opó kan tí à ń pè ní Tàńtí Mádélẹ̀ẹ̀nì, rí mi níbi tí mo káwọ́ gbera lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n wọlé wá wo fíìmù. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ní, ti ọkọ rẹ̀ olóògbé: fíìmù àtijọ́ àwọn ìgárá ilẹ̀ Faransé, dúdú àti funfun lásán. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a óò jọ wò ó. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ Faransé.

Ibì kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Àwọn olè kó owó báǹkì tán, ọkọ̀ wọn kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Ọlọ́pàá kan tí kò mọ nǹkan kan bá wọn tì í títí ó fi ṣiṣẹ́. Ọ̀gá olè ṣí fìlà, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń kí ọba. Ibòmíràn ni òpin rẹ̀: ọlọ́pàá ti yí ilé ìyá ọ̀gá olè ká, ìyá náà kò bi í ní ohunkóhun, ó bu ọbẹ̀ fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fọ abọ́, kó tó jáde sí wọn. Tàńtí máa ń sunkún níbẹ̀. Èmi náà a máa wo òkè àjà.

Màámi, mo ti rí ẹni tí mo fẹ́ fẹ́. Klemáǹsì lorúkọ rẹ̀, ó ń ránṣọ ní Sakété. Ó mú mi lọ rí bàbá rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì sí oko ní Yoko, tó jẹ́ èdè Gùn àti Faransé nìkan ló ń sọ. Bí bàbá ṣe gbé omi fún mi, gbogbo Faransé mi fò lọ, àfi ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá olè fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Mo ṣí fìlà, mo sọ ọ́.

Klemáǹsì wolẹ̀. Bàbá wá béèrè ibi tí mẹkáníìkì ti rí irú Faransé bẹ́ẹ̀. N kò lè purọ́, mo ní nínú fíìmù olè ni. Ẹ̀rín pa bàbá títí ó fi di àga mú. Ó ní òun wo fíìmù náà ní sinimá ní Pọ̀tọ̀nóòfò nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́ ọkọ̀. Ni a bá bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Mo ní ibi tí wọ́n ti ń ti ọkọ̀ ló dùn jù, ó ní rárá, ibi ọbẹ̀ ni, pé ẹni tó ṣì ń wá ìyá rẹ̀ lọ kò tíì bàjẹ́ tán.

Ó wá bi mí bóyá ìyá mi wà láyé. Mo ní ẹ wà. Ó ní kí ni mo wá ń ṣe níwájú òun ní èmi nìkan. Òun kò ní í sọ̀rọ̀ ọmọ òun láìrí yín.

Torí náà, Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú Bọ̀ọ̀dá dání kí ẹ máa bọ̀ tí ẹ bá ti kórè àgbàdo. Sakété ni n óò ti pàdé yín. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí ẹ má fẹsẹ̀ kọ lọ́nà, kí ẹ pẹ́ lórí wa. Klemáǹsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ní òun kò mọ ohun tí òun yóò máa pè yín. Mo ní kó máa pè yín ní Màámi.

Èmi ni ọmọ yín,
Àkànní