Ẹni Tí Kò Nájà Ba Ọkọ Mi Lẹ́rù

Olóòtú wa, ẹ kú ètò o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Wẹ́dà lọkọ mi. Ó fi páànù àti ẹ́ńjìnnì àlòkù ṣe àfarawé mọ́tò eré ìje àtijọ́ kan, iye ojúlówó ló wá ń pè é. Ó wó ògiri yàrá àwọn ọmọ, ó tì í síbẹ̀. Pálọ̀ ni wọ́n ń sùn. Gbogbo ẹni tó gbọ́ iye rẹ̀ ló ń fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Lánàá, ọkùnrin kan dé, kò ná an rárá, ó ní òun á san gbogbo ẹ̀. Lọkọ mi bá fajú ro: “Ẹni tí kò nájà ti rí ohun témi ò rí.” Ló bá tún fowó lé iye rẹ̀! Ọkùnrin náà bá tiẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n ṣe? Bẹ́nì kan nínú yín bá máa rà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ná an. Ẹ bú mọ́tò náà pàápàá.