Igi Mẹ́fà Tí Mo Kọ Sínú Ìwé

Uwasota,
Ìlú Bìní.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kọkànlá, 1989.

Ọláfúnkẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ púpọ̀. Mo lérò pé ara rẹ le, àti pé omi Ìbàdàn ń bá ọ lára mu. Èmi náà wà. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń lọ sí ìsìn.

Lẹ́tà rẹ dé ní ọjọ́ Ajé. O ní ẹ ti yẹ ewé ọgọ́ta igi inú ọgbà ìjọba wa wò, igi tí èèpo rẹ̀ ń ta sánsán bí ata gbígbẹ, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá nínú igbó. O ní gbogbo wọn jọra bí ọmọ ìyá kan, bẹ́ẹ̀ ìwé wa sọ pé igbó mẹ́fà ni èso wọn ti wá. Nítorí náà, o gbà pé ọ̀dá ńlá kan ló pa igbó run láyé ọjọ́un, pé ojú kan ṣoṣo ni igi náà kù sí, ibẹ̀ ló sì ti tún tàn ká ilẹ̀ yìí. O ní orí èyí ni ìwé oyè dókítà rẹ dúró lé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Àlàyé rẹ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n irọ́ mi ni ò ń ṣàlàyé.

Ọdún 1969 ni. Igi yìí máa ń tó ọdún mẹ́fà kó tó so lẹ́ẹ̀kan, èso rẹ̀ kì í sì í lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kó tó bàjẹ́. Igi mẹ́fà la mọ̀ nígbà náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú igbó tirẹ̀. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ igbó ìjọba, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnwálé, ní kí n ṣa èso lábẹ́ gbogbo wọn fún ọgbà tí a fẹ́ gbìn, kí n kọ nọ́ńbà igi sára àpò kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ ìyá kan má baà gba gbogbo ọgbà. Mo mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá rẹ kú.

A sin ín ní Ọjọ́bọ̀. Ní ọjọ́ Ajé mo fi ọ́ sọ́dọ̀ Ìyá Abímbọ́lá, aládùúgbò wa ní Iyaro, mo ní mò ń lọ sígbó fún ọjọ́ mẹ́rin. Igi àkọ́kọ́ wà lẹ́bàá ọ̀nà, kò tó wákàtí kan sílé. Mo jókòó lábẹ́ rẹ̀. N kò sunkún. N kò ronú nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe títí ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi pé, ahéré ẹ̀ṣọ́ igbó ni mo ń sùn. Ní ọjọ́ ìkẹyìn mo ṣa èso igi kan náà kún àpò mẹ́fà. Mo kọ igi kìíní sára àpò àkọ́kọ́, igi kejì sára èkejì, títí dé igi kẹfà. Èso wọ̀nyẹn la gbìn sínú ọgbà náà.

Nígbà tí mo délé, o sáré pàdé mi. Ọmọ ọdún méje ni ọ́, ò ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n o kì í sọ ọ́. O ní, "Daddy, the bush far?" Mo ní, "Ó jìnnà, ọmọ mi." Ìwọ náà lo wá ń tún Yorùbá mi ṣe báyìí!

Mo rò pé màá tún un ṣe nígbà tí wọ́n bá tún so. Kó tó di ìgbà náà, wọ́n ti gé márùn-ún yòókù, wọ́n gbin rọ́bà síbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnwálé yìn mí títí ó fi kú. Fúnkẹ́, kò sí ẹni tó lè mọ ohun tó wà nínú igi márùn-ún yẹn mọ́. Ó yẹ kó dùn mí. N kò rí ibi tó ti ń dùn mí, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Má kọ ọ̀dá sínú ìwé rẹ. Orúkọ mi ni kí o kọ síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọdún mẹ́rin lo ti fi ṣe iṣẹ́ náà, ojú sì ń tì mí.

Olúwa yóò fún ọ lágbára láti tún un bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà kò ní dí mọ́ ọ. Wàá ṣe é re ju èmi lọ.

Èmi ni bàbá tó bí ọ,
Bámidélé Títíloyè.

Àfikún: Mo ti kọ gbogbo èyí sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ ọ. Mo ti fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí kí n tó jókòó kọ tìrẹ. Bí mo bá kọ́kọ́ kọ sí ọ, wàá bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́, màá sì dákẹ́.