Nígbà Tí Wọ́n Pa Àmì Orí Ewì Rẹ́

                                                            Ojúlé Kẹtàlá,
                                                            Òpópónà Adégbìtẹ́,
                                                            Bódìjà, Ìbàdàn.
                                                            12 Oṣù Kẹfà, 2025.

Hamidah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni Ìlọrin? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun màmá yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ara tèmi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Àtẹ Ewì. Má tíì pariwo, jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Láti ìgbà tí mo ti ń lẹ ewì mọ́ ara ògiri họ́sítẹ́ẹ̀lì wa ní yunifásítì lo ti mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ni mò ń lépa. Ìwé ewì mi méjèèjì kò tà, àmọ́ àwọn ló jẹ́ kí bàbá tó dá iléeṣẹ́ ìwé Àtẹ Ewì sílẹ̀ ní Onírèké mọ̀ mí, tó fi mí ṣe olóòtú. Ní ayé bàbá yẹn, ẹnikẹ́ni ò dí mi lọ́wọ́. Ìgbà tí wọ́n kú ni Adéfọlárìn ọmọ wọn gba ipò.

Adéfọlárìn kì í ka ewì. Ó máa ń sọ pé àwọn àmì orí àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà ń dọ̀tí ojú ìwé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Mo ka ìtẹ̀jáde tuntun tán, mo yẹ gbogbo àmì rẹ̀ wò, mo ní kí wọ́n gbé e lọ tẹ̀. Adéfọlárìn gba ẹ̀yìn mi, ó ní kí ẹni tó ń to ojú ìwé pa gbogbo àmì rẹ́. Orúkọ mi ṣì wà níwájú pé èmi ni olóòtú!

Ewì Màmá Zùwáírátù, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Agbówó, wà nínú rẹ̀. Òun ni ewì wọn àkọ́kọ́ tí a máa tẹ̀. Wọ́n fi ń dárò ọkọ wọn ni, "ọkọ mi" ló sì bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìwọ náà yọ àmì rẹ̀, kí o wo ohun tó dà! Àwọn aláìnítìjú ti ya fọ́tò rẹ̀ sórí Wàsáàpù, wọ́n ń fi opó ṣẹ̀fẹ̀.

Mo lọ bá Adéfọlárìn pé kó tún un tẹ̀, kó sì lọ bẹ ìyá náà. Ó rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí Fúnlọ́lá, ta ló ń wo àmì? Ó ṣáà máa yé wọn."

Mo ní, "Ó ti yé wọn. Ohun tó yé wọn gan-an ló ń bí mi nínú."

Ọjọ́ náà ni mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Agbówó. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ Màmá. Màmá ò jágbe mọ́ mi. Wọ́n gbé ìwé náà lé itan, wọ́n mú bírò pupa dání bí ẹni tó ń máàkì iṣẹ́ ọmọ iléèwé. Wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn fi àmì sí ewì náà láti òkè délẹ̀.

"Mo ti tún ọkọ tèmi ṣe," wọ́n ní. "Ta ló máa tún ti àwọn tó kù ṣe?"

Inú ń bí mi pé mo kúrò ní Àtẹ Ewì, inú ì bá sì bí mi ká ní mo dúró.

Bá mi kí gbogbo ilé, kí o sì fi ẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láéláé,
Fúnlọ́lá.