Ọ̀lẹ Inú Ilé Ìfọṣọ Mi

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì
Wọ́n dá aṣọ bẹ́ẹ̀dì padà. Fún èmi Vukosava! Onímú — ẹni tó ni ilé àlejò tó wà nídìí ìsun omi gbígbóná — gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní, "Màmá, àwọn àlejò mi ní inú ìrì làwọn ń sùn." Ìrì! Ọwọ́ mi yìí fọṣọ nínú odò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di yìnyín, nígbà tí bàbá rẹ̀ ò tíì ní ṣòkòtò méjì. Ó ní bí ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ bá tún tutù, òun á kó aṣọ òun lọ síbòmíràn. Aṣọ tirẹ̀ nìkan ló ń gbé wa ró nígbà òtútù. Bó bá lọ, mo kógbá sílé nìyẹn.

Ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ ló fà á. Láti òní lọ, Ọ̀lẹ lorúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Mo yọ asẹ́ tó ń gba òwú, mo fọ̀ ọ́. Mo dín aṣọ kù. Mo jẹ́ kó yí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń gbóná bí ààrò, ó ń kùn bí àgbà tí kò rí ọtí rákíà mu — aṣọ ṣì ń jáde bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán.

Ọjọ́rú, 5
Onírùngbọ̀n tó ń tún ẹ̀rọ ṣe wá. Ó tú ẹ̀yìn Ọ̀lẹ, ó ki ọwọ́ bọ páìpù tí ooru ń gbà jáde. Kò sí ìdọ̀tí níbẹ̀. Ó ní, "Kò sóhun tó ṣe é, màmá. Bóyá ẹ ò mọ̀ ọ́n lò ni." Mo ní kó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ kí n tó fi gbá a lórí. Ìwé kẹta ni mo kà dé, òótọ́ ni. Ilé alájà méjì yìí ńkọ́, ta ló kọ́ ọ? Stamenka, àbúrò mi tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ń rẹ́rìn-ín sínú ìborùn rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6
Tutù.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Mo rí i! Èmi!

Stamenka lọ rí dókítà nítorí orúnkún. Àwọn tó gbé igi ìdáná wá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, wọ́n tún ṣí fèrèsé kí èéfín sìgá wọn lè jáde. Mo ń pariwo kí wọ́n tì í, Ọ̀lẹ dákẹ́. Mo fọwọ́ kan aṣọ — gbẹ! Ó ń dún bí ewé gbígbẹ. Mo ti gbogbo rẹ̀, mo kó òmíràn sí i: tutù. Mo ṣí i: gbẹ. Ẹ̀rọ náà ń fẹ́ afẹ́fẹ́ síta, kò sì rí òmíràn fà mọ́ra, torí a dí ilé pinpin. Àkísà lábẹ́ ilẹ̀kùn, rọ́bà létí fèrèsé. Ta ni ò mọ̀ nílùú wa níbí pé atẹ́gùn tó bá gba fèrèsé wọlé, tó gba ẹnu ọ̀nà jáde, a máa pa ènìyàn? Èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ebi náà ń pa ènìyàn. Onírùngbọ̀n, wá wò ó!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Stamenka dé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fẹ́ pa mí ni?" Ó ti fèrèsé. Mo ṣí i. Ó tì í. Mo ní kó wé ìborùn méjì, ẹ̀rọ ò lè mí. Ó ní, "Milunka náà ò lè mí."

Ọmọ rẹ̀ nìyẹn, ọmọ ọdún mẹ́ta. Fèrèsé ọkọ̀ ojú irin kan tẹ́nì kan kọ̀ tí kò tì. Lẹ́yìn náà, àìsàn àyà — kò sì dìde mọ́. Gbogbo wa mọ ìtàn náà. Ṣùgbọ́n inú ti bí mi. Mo ní, "Ẹni tí ò bá lè dúró, ọ̀nà là."

Ó bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Ó lọ. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń jẹ lára mi, ó wá lọ nítorí afẹ́fẹ́ lásán!

Ọjọ́ Àìkú, 9
Kò pè. Èmi náà ò pè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Aṣọ Onímú ti lọ, ó gbẹ táútáú. Kò ní kó aṣọ rẹ̀ lọ síbòmíràn mọ́. Ó ní, "Màmá, agbára ṣì wà lọ́wọ́ yín." Ṣì! Àbí ẹ ò gbọ́ ìwọ̀sí?

Ọjọ́rú, 12
Aṣọ bẹ́ẹ̀dì fífẹ̀, ènìyàn méjì ní í ká a. Mo fi àgbọ̀n mú etí kan, èkejì ń wọ́ nílẹ̀. Mo fi kọ́ ìkọ́ ilẹ̀kùn, ìkọ́ fà á ya. Mo pe obìnrin aládùúgbò, ó ń ká a bí ẹni tó ń di ẹrù ogun. Stamenka mọ ìgbà tí màá fà, ó mọ ìgbà tí yóò rìn bọ̀ lọ́dọ̀ mi. A kì í sọ̀rọ̀ sí i. Aṣọ ti kún tábìlì dé òrùlé. Inú ń bí mi sí gbogbo ayé.

Ọjọ́bọ̀, 13
Mo ru apẹ̀rẹ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí a ò tíì ká lọ sílé Stamenka. Gbogbo ibẹ̀ dí pinpin, ó gbóná bí inú búrẹ́dì. Kò ní kí n jókòó. Ó ní, "Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn." Mo tì í. Mo sọ fún un pé inú mi ò tíì rọ̀ o. Ó ní, "Ẹ máa bínú lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, láti òní, ibí la ó ti máa ká a. Ẹ mú etí tọ̀hún."

Ta ní í pàṣẹ fún èmi Vukosava?

Mo mú un.