Ẹ́ńjìnnì Tuntun Tí O Fi Ránṣẹ́ sí Bàbá Rẹ

Ilé Sherin Zada,
Ìsàlẹ̀ òkè Lowari, Dir.
Oṣù kẹwàá.

Sí Izzat Gul, ọmọ ọ̀rẹ́ mi, tí mo kà sí ọmọ tèmi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Sharjah níbẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ooru ibẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti rọlẹ̀ díẹ̀? Tiwa níhìn-ín, ọpẹ́ ni. Òtútù ti ń dé, eékún mi sì ti ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Àgbàdo ti wọlé, ìyá rẹ ti sá a sórí òrùlé, ó sì ní kí n kí ọ kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn.

Mo mọ̀ pé lẹ́tà bàbá rẹ ti dé ọwọ́ rẹ ṣáájú eléyìí. Èmi kúkú ni mo ń bá a kọ ọ́ láti ọjọ́ tí o ti lọ. Ó ní kí n kọ pé ẹ́ńjìnnì dára, gíabọ́ọ̀sì dára, àti pé òun ń wakọ̀ bí ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Mo kọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́. Èyí tí mò ń kọ yìí, kò mọ̀ sí i, mo sì bẹ̀ ọ́ pé kó má mọ̀ láéláé.

Jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹrù rẹ gúnlẹ̀ ní Karachi tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, gbogbo ìlú Timergara ló gbọ́. Ẹ́ńjìnnì Japan, tòun ti gíabọ́ọ̀sì oní-gíà mẹ́fà! Bàbá rẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án láìkọ́kọ́ fọ ọwọ́. Bẹ́dífọ́ọ̀dù wa, ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ yẹn, ṣáà ti darúgbó. Ọdún tí wọ́n bí ọ la rà á, ó sì ti dé ibi pé bí ó bá ń gun òkè, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn á kí wa, wọn á sì kọjá lọ.

Nur Kamal, mẹkáníìkì wa, ló ṣe iṣẹ́ náà, iṣẹ́ ńlá ni o. Wọ́n fi ṣéènì fa ti àtijọ́ jáde. Tuntun gùn jù ú lọ, nítorí náà wọ́n ti rédíétọ̀ síwájú, wọ́n gé irin tó dábùú sasí, egungun ìsàlẹ̀ ọkọ̀, wọ́n sì lọ jó o mọ́ ibòmíràn. Ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sí táyà ẹ̀yìn wá gùn jù, wọ́n gé e kúrú. Ọ̀pá gíà yọ sábẹ́ àga, wọ́n fi iná tẹ̀ ẹ́ títí ó fi bọ́ sọ́wọ́ awakọ̀. Gbogbo ibi tí ẹ́ńjìnnì ti jókòó lé sasí ni Nur Kamal tẹ́ rọ́bà nínípọn sí, kó má baà máa gbọ̀n wá jìgìjìgì mọ́.

Lọ́jọ́ tó parí, ó gbé ife tíì kan tó kún dẹ́nu lé ìbòrí ẹ́ńjìnnì, ó ní kí wọ́n ṣáná sí i. Tíì náà kò dà. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, àmọ́ bàbá rẹ kò pàtẹ́wọ́. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin náà, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e padà. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ òun ló ṣe é. Èmi rò pé ayọ̀ ló mú un bẹ́ẹ̀.

Ìyẹ̀fun àti iyọ̀ la kọ́kọ́ kó lọ sí Chitral, lódìkejì òkè. Ọkọ̀ gun Lowari bí ewúrẹ́, Izzat, kí n má purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ ń bi mí ṣáá pé, gíà wo la wà? Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ṣé èrò ọkọ̀ ló ń sọ fún awakọ̀? Ẹ́ńjìnnì á ké títí kó tó rántí yí gíà. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, á yí i nígbà tí kò yẹ, gíà á sì han gooro. Mo ní gíà mẹ́fà ló rú u lójú, ẹni tó ti fi mẹ́rin lo gbogbo ayé rẹ̀. Pé etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa, ìwọ náà mọ̀. Awakọ̀ Bẹ́dífọ́ọ̀dù wo ni etí rẹ̀ pé?

Ìgbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ lápá Chitral ni ọ̀rọ̀ dé. O mọ àwọn kọ́nà ibẹ̀, níbi tí ọkọ̀ á ti lọ síwájú, á padà sẹ́yìn, kó tó lè yí, tí ẹni tí kò wakọ̀ á sì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú igi ìdènà tí a fi ń dí táyà, á máa fọwọ́ lu ara ọkọ̀ láti darí awakọ̀. A kò tíì dé kọ́nà. Bàbá rẹ fẹ́ wọ gíà kékeré, gíà náà kò wọlé. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀ wọ̀ọ̀, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré fúnra rẹ̀ tòun ti ẹrù. Mo pariwo pe bàbá rẹ, "Rawan, gíà kò wọlé!" Ó ń wo iwájú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé bí ọkọ̀ ṣe ń lọ jẹ́jẹ́ yẹn, ọlá ẹ́ńjìnnì tuntun ni.

Mo gbá a léjìká. Ó wo ojú mi, ó wo ẹnu mi, ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó tẹ búréèkì, búréèkì ń rú èéfín. Ó dojú ọkọ̀ kọ ara òkè, kò dojú kọ ọ̀gbun, ìdí nìyẹn tí mo fi wà láyé tí mò ń kọ̀wé sí ọ. Àpáta họ gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, òdòdó àti ẹyẹ tí wọ́n kùn sí i ló bá a lọ. Nígbà tí a dúró, ó bọ́ sílẹ̀, ó fi igi dí táyà fúnra rẹ̀, ó yí wá sí ẹ̀gbẹ́ tèmi, ó ní, "Sún síbẹ̀." Láti ọjọ́ náà, kò wakọ̀ lójú ọ̀nà mọ́.

Nílé tíì tó wà nísàlẹ̀ òkè ló ti jẹ́wọ́ fún mi. Kì í ṣe pé etí rẹ̀ kàn wúwo díẹ̀ bí a ṣe rò. Ó ti di pátápátá, ó ti pẹ́. Ọ̀rọ̀ wa, ojú ló fi ń kà á lẹ́nu wa. O rántí pé kì í wọ bàtà wakọ̀, àní nínú yìnyín, tí àwọn kan ń sọ pé ẹ̀jẹ́ ló jẹ́? Ó ní, "Ẹsẹ̀ ni mo fi ń gbọ́ ọkọ̀, Sherin. Ilẹ̀ ọkọ̀ ń sọ fún mi, ọ̀pá gíà ń sọ fún mi. Tuntun yìí, ó dà bí ẹni pé mo jókòó sínú yàrá." Ọkàn mi bàjẹ́ gan-an. Gbogbo ọdún tí mo fi sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn, adití ló ń gbé mi kọjá Lowari, kò sì ṣàṣìṣe rí.

Ó wá di ọwọ́ mi mú. "Má jẹ́ kí ọmọ náà gbọ́. Inú oòrùn ló ti ṣe làálàá ẹ́ńjìnnì yìí. Bí ó bá mọ̀, kò ní lè fi ayọ̀ ra nǹkan fún ẹnikẹ́ni mọ́."

Má rò pé mo káwọ́ gbera o. Dókítà ní ariwo ọkọ̀ ló jẹ etí náà tán, kò sí oògùn. Mo bá lọ bá Nur Kamal pé kó yọ rọ́bà rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ṣùgbọ́n ó yọ ọ́, ó fi irin sí i. Ọkọ̀ gbọ̀n títí eyín wa ń lu ara wọn. Bàbá rẹ bọ́ bàtà, ó jókòó, ó dijú, ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Nígbà tó yá ó ní, "Ó ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ n kò gbọ́ èdè rẹ̀." Ó ní kí wọ́n dá rọ́bà padà. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ sì rèé, wọ́n ti tú u palẹ̀, ó ti di ara ọkọ̀ ọlọ́kọ̀.

Báyìí, èmi ni mò ń wakọ̀, pẹ̀lú eékún mi yìí. Bàbá rẹ, tí àwọn awakọ̀ máa ń dúró wo bí ó ṣe ń yí kọ́nà, òun ló ń gbé igi ìdènà. Lọ́jọ́ kan nílé tíì, ẹnì kan bi í pé ṣé ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ló wá dà lọ́jọ́ ogbó. Ó rí ẹnu ẹni náà. Ó ní ẹ̀yìn ló ń dun òun, ó sì ń sọ fún wọn bí ọmọ òun ṣe ra ẹ́ńjìnnì. Mo gbé ife mi, mo jáde.

Izzat, ẹ̀bi kì í ṣe tìrẹ, má dá ara rẹ lẹ́jọ́. Ohun tí ọmọ rere ń ṣe lo ṣe. Ṣùgbọ́n à ń sunkún, à ń ríran ni. Redíò oníkásẹ́ẹ̀tì tí o ní o fẹ́ fi ránṣẹ́ fún un, jọ̀wọ́, fi í sílẹ̀. Bí yìnyín bá dí òkè, ọkọ̀ ò ní rìn mọ́, á máa jókòó nílé látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Gba àyè nígbà náà kí o wá. Jókòó síwájú rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí o sì máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, kó lè rí ẹnu rẹ.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ ní ìlú onílùú. Ẹ̀mí rẹ á gùn, ọ̀nà ilé á là fún ọ. O kò ní fi òógùn ojú rẹ ra ẹkún mọ́. Oore tí o gbèrò sí bàbá rẹ, ọmọ tìrẹ á ṣe é fún ọ, á sì bọ́ sí i ju báyìí lọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ bàbá rẹ, tí í ṣe bàbá rẹ kejì,
Sherin Zada.

Àfikún: Fọ́tò tí o bèèrè wà nínú àpò ìwé yìí. Àgbàlá la ti yà á. Bàbá rẹ wé láwàní tuntun, ó gun ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó ní kí ọkọ̀ máa ṣiṣẹ́ kí fọ́tò náà lè dà bí òótọ́. Mo ti yọ bátìrì láti àárọ̀, ó wà níbi tí wọ́n ti ń ṣáàjì rẹ̀. N kò rántí sọ fún un pé ọkọ̀ kò lè ṣáná. Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ epo, ó rẹ́rìn-ín, wọ́n yà á. Lẹ́yìn náà ló yọ orí síta, ó bi mí pé, "Ṣé ó ń dún dáadáa?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.