Kókó Kékeré Tí Dókítà Ògúnfẹ́mi Nù Kúrò

Ọjọ́ kejìlá oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1966 ni a bí bàbá wa, Dókítà Elisha Bándélé Ògúnfẹ́mi, ní Iperindo, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àgbẹ̀ tó tún ń wa góòlù ni bàbá wọn, olóògbé Fálẹ́yìmú. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni ìyá wọn, Màmá Lucy.

Wọ́n kàwé ní Iperindo àti Iléṣà. Góòlù inú ẹrẹ̀ ni bàbá wọn fi rán wọn níwèé dókítà. Ní 1998, wọ́n fẹ́ Oyèṣọlá ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, níbi tí wọ́n ti ń kọrin títí dọjọ́ ìkẹyìn. Ọdọọdún ni wọ́n ń yẹ ìfúnpá àwọn àgbẹ̀ Ìdó-Ọ̀ṣun wò lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn kì í yẹ tara wọn wò.

Láti 2001 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Òṣogbo nípa iṣan ẹ̀jẹ̀. Òkú tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ kò tó. Ogójì akẹ́kọ̀ọ́ a yí òkú kan ká, àwọn tó wà lẹ́yìn kò ní rí nǹkan kan. Ní 2017, bàbá wa fúnra wọn dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara. Wọ́n gbé àwòrán orí wọn sórí kọ̀ǹpútà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lè fi ìka yí i, kó ṣí eegun kúrò, kó sì tẹ̀lé iṣan láti ọrùn dé inú ọpọlọ. Wọn a máa ṣàwàdà pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rọra yí i, orí àwọn ni o.

Ní 2019, akẹ́kọ̀ọ́ kan, Kàósárà, béèrè nípa kókó kékeré tó yọ lára iṣan kan. Bàbá ní ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe, orí tó dá ṣáṣá ni àwọn fi ń kọ́ni. Wọ́n nù ún kúrò nínú àwòrán, kó má baà da àwọn ọmọ rú. Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù Bélú ọdún 2025, iṣan bẹ́ lórí bàbá wa níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni. Kàósárà ọjọ́sí, tó ti di dókítà, ló gbà wọ́n wọlé ní ọsibítù, àmọ́ ẹ̀pa kò bóró mọ́, wọ́n dágbére fáyé. Nígbà tó wá àwòrán àtijọ́ jáde, ibi kókó yẹn gan-an ni iṣan ti bẹ́. Odidi ọdún mẹ́fà la fi ní àyè láti tọ́jú rẹ̀. Ó dùn wá wọra, a kò sì rí ohun tí a ó fi tu ara wa nínú.

Màmá Lucy, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, wà láyé. A kò jẹ́ kí wọ́n wá síbi ìsìnkú yìí, nítorí òbí kì í sin ọmọ. Bàbá fi ìyàwó sílẹ̀, àti ọmọ méjì, Olúmúyìwá àti Tinúolúwa, pẹ̀lú ọmọọmọ kan, Olúwatómisìn. Ilé ẹ̀kọ́ bàbá rẹ̀ ni Tinúolúwa ti ń kọ́ ìṣègùn. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, òun ló kàn láti yí orí bàbá rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ó ti ní kí wọ́n dá kókó náà padà sínú àwòrán, wọ́n sì ti dá a padà.

Bàbá, kókó náà la rí dá padà, a kò rí ẹ̀yin dá padà. Ilẹ̀ Iperindo tó rán yín níwèé ló gbà yín lónìí. Kó tù yín lára. Ẹ sùn re o.