Ẹ Má Mú Baba Tó Ń Lọ́ra Yẹn Yára

Alapoti,
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Aláàsárì.

Ruqoyah Àpọ́nlé, ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ. Ṣé ara le, ṣé o ń jẹun? Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí a gbọ́ aburú rẹ. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé ewúrẹ́ rẹ ti bí méjì, ọ̀kan funfun, ìkejì sì jọ ẹ̀gbọ́n mi Sàlàkọ́ lójú. Orókún mi ṣì ń dùn mí, ẹsẹ̀ òsì náà ń fà bí o ṣe mọ̀ ọ́n.

Ìyá rẹ ní o sunkún lórí fóònù, pé o fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé àwọn ènìyàn ń bú apá kejì géèmù oníbọn tí ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ ṣe. Ó dùn mí púpọ̀. Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti ń ṣọdẹ, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìbọn, ẹnu mi gbà á. Ni mo bá wọ mọ́tò lọ sí Ṣàngó, lọ́dọ̀ Hafeez, ọmọ Àǹtí rẹ Bàrákàt, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ilo-Awela tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbá géèmù.

Hafeez ní ìràwọ̀ ẹyọ kan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fún géèmù yín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí yọ odidi ìràwọ̀ kan fún ọ, o wá ń sunkún? Mo mọ ọlọ́pàá kan tó ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì, kò rí ẹyọ kan gbà.

Wọ́n gbé páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù lé mi lọ́wọ́, mo wọ inú igbó yín. Koríko kan mì níwájú mi. O mọ̀ pé ọdẹ tiwa kì í yìnbọn sí ohun tí kò rí ojú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ènìyàn ni. Mo bèèrè, mo pariwo kó lè gbọ́. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni mo wà tí ẹni inú koríko náà fi yìnbọn pa mí. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, mo ní èmi kú bí ọmọlúàbí, ẹni tó pa mí ni kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Kò pẹ́ tí mo tún jí, mo sì kìlọ̀ fún Hafeez pé àjíǹde kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré.

Wọ́n ní kíki ìbọn ń pẹ́ jù nínú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n wá ki ìbọn ṣakabùlà mi wò, ìgalà á ti dé Ìlaròó kí wọ́n tó kì í tán. Wọ́n ní ọta kò pọ̀ tó, mo bi wọ́n pé ọta wo ló pọ̀ tó rí. Wọ́n ní ìrìn inú igbó náà gùn, bí ẹni pé igbó kan wà tó kúrú.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń bí wọn nínú jù ni baba arúgbó kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ sìn kọjá odò. Wọ́n ní ó ń lọ́ra, bó bá sì ṣubú wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Fàlílù, bẹ̀ mí pé kí n sọ fún yín kí ẹ mú un yára tàbí kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Mo sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Baba náà dé fìlà aláwọ̀ ewé tí etí rẹ̀ ya bíi tèmi, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń fà, ó sì ń dúró nídìí igi kọ̀ọ̀kan láti pe orúkọ igi náà. Ruqoyah, mo mọ baba yẹn. Mo gba páàdì lọ́wọ́ wọn, mo ní èmi fúnra mi ni n ó sìn ín.

Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, bí a bá ń ti oko bọ̀, ìwọ lo máa ń lọ́ra, tí wàá máa bèèrè orúkọ igi. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi á ní kí n gbé ọ kọ́rùn kí a lè tètè délé. N kì í gbé ọ, mo máa ń dúró dè ọ́ ni. Má fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú baba náà yára.

Jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn orókún mi, kí o fi owó mọ́tò Ṣàngó kún un. Odò nìkan ni mo sin baba náà kọjá kí ilẹ̀ tó fẹ́ ṣú, Hafeez sì ní ilé baba náà ṣì jìnnà. Mo fẹ́ padà lọ sìn ín délé.

Ọlọ́hun yóò fún ìwọ náà ní ẹni tí yóò dúró dè ọ́. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Rùfáì ọdẹ.